Orí Kẹfà: Wẹ́ẹ̀bùsáìtì Olórin

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe òkú àgbà ní Ìbàdàn mọ ibi tí yóò ti wá onílù. Yóò bi ìbátan rẹ̀ tó ṣe tirẹ̀ lọ́dún tó kọjá léèrè, tàbí kó rìn láti Bẹẹrẹ wọ àdúgbò Àrẹ̀mọ, kó máa béèrè ilé onílù títí wọn yóò fi mú un débẹ̀. Wọn yóò dúnàádúrà, yóò fi owó díẹ̀ sílẹ̀, ó di ọjọ́ òde. Báyìí ni iṣẹ́ ṣe ń dé ọwọ́ onílù láti ayébáyé, ọ̀nà náà kò sì tíì dí. Ohun tó yí padà ni pé àwọn tó ń san owó òde kò sí nílé mọ́. Ọmọ olóòkú kan wà ní Peckham, àbúrò rẹ̀ wà ní Houston, ẹ̀gbọ́n wọn wà ní Àbújá. Orí WhatsApp ni wọ́n ti ń jíròrò bí wọn yóò ṣe ṣe ẹ̀yẹ ìyá wọn ní gbọ̀ngàn Màpó. Ẹni tó wà ní Peckham kò lè rìn wọ Àrẹ̀mọ. Fóònù ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, inú fóònù náà ni yóò ti wá onílù.

Orí yìí dá lórí ohun tí ẹni yẹn yóò rí, àti ẹni tó ni ohun tó rí. Mo gbà pé kí olórin tàbí onílù tó ra ẹ̀rọ amóhùnbúgbàmù kejì, ó yẹ kó ti ní wẹ́ẹ̀bùsáìtì tirẹ̀. Ojú ìwé Facebook ò tó, àkáǹtì Instagram tàbí TikTok ò tó. Wẹ́ẹ̀bùsáìtì jẹ́ ilé tí olórin fúnra rẹ̀ kọ́, àwọn yòókù jẹ́ yàrá nínú ilé onílé. Onílé náà kò gba owó ilé lọ́wọ́ wa, ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú wa gbàgbé pé àyágbé ni. Ìgbà tó bá wù ú, ó lè pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́, ó lè ta ilé, ó sì lè sọ fún àlejò wa pé a kò sí nílé.

Àwọn tó ti kọ́ tiwọn

Kí kọ̀ǹpútà tó dé ni olórin Yorùbá ti ń jà fún ohun tirẹ̀. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ ńláńlá bíi Decca, Philips àti EMI ń gbé àwo jáde nílẹ̀ wa, ilé-iṣẹ́ ló máa ń ni téèpù àkọ́kọ́ tí wọ́n fi gba ohùn olórin sílẹ̀. Ẹni tó ni téèpù yìí ló lè tẹ àwo sí i, òun náà ló lè dá a dúró. Olórin lè lókìkí káàkiri ìlú, kó má sì ní àṣẹ lórí ohùn ara rẹ̀.

Ní 1969, Hárúnà Ìṣọ̀lá, àgbà nínú àpàlà, àti I.K. Dairo, olórin jùjú tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá lọ́lá ní 1963, pawọ́ pọ̀ dá Star Records sílẹ̀. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìgbà náà, ní 1979, Hárúnà gbé sítúdíò Phonodisk kalẹ̀ sí Ìjẹ̀bú-Igbó, ìlú rẹ̀. Ẹ wo bí èrò náà ṣe jinlẹ̀ tó: ó ti ní orúkọ tí àwo ń jáde lábẹ́ rẹ̀, ó wá tún fẹ́ ní ilé tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀.

Ti Sunny Adé tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní nǹkan bí 1974, òun àti African Songs, ilé-iṣẹ́ Olóyè Bọ́láńrìnwá Abíọ́rọ̀, gbé ara wọn dé ilé ẹjọ́. Ó jáde níbẹ̀, ó dá Sunny Alade Records sílẹ̀. Nígbà tó di 1982, Island Records, ilé-iṣẹ́ tó gbé Bob Marley dé ojú ayé, gbé àwo Juju Music jáde fún un. Synchro System tẹ̀ lé e ní 1983, Aura dé ní 1984, lẹ́yìn náà Island jáwọ́. Bó bá jẹ́ pé Island nìkan ló gbójú lé ni, orin rẹ̀ ì bá ti dákẹ́ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti ní ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ ní Nàìjíríà, àwọn tó ń gbọ́ ọ nílé kò sì mọ̀ pé ohunkóhun já. Ẹ̀kọ́ tó wà nínú ìtàn yìí kò kọ kí olórin bá ilé-iṣẹ́ ńlá ṣiṣẹ́. Sunny Adé bá wọn ṣe é, ó jèrè rẹ̀, ó sì ní ibi tó lè padà sí.

Ìbàdàn náà ní tirẹ̀. Síkírù Àyìndé Barrister, ọmọ Ìbàdàn, so orúkọ Olúyọ̀lé mọ́ tirẹ̀ nígbà tó pe ilé-iṣẹ́ àwo rẹ̀ ní Siky-Oluyole. Nígbà tiwa yìí, Yínká Ayéfẹ́lẹ́ kọ́ Music House sí Challenge, ilé-iṣẹ́ rédíò Fresh FM sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 2015.

Ẹ fi èyí wé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí orin Dáúdà Epo Àkàrà, ọmọ Ìbàdàn tó mú wéré, orin ajísààrì, tó sì sọ ọ́ di awúrebe. Ó kú ní 2005, kí YouTube tó di ohun tí gbogbo ayé ń wò. Ẹni tó bá wá a lónìí yóò rí orin rẹ̀ rẹpẹtẹ. Àwọn olólùfẹ́ ló gbé púpọ̀ nínú wọn síbẹ̀, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn nítorí àwọn ni kò jẹ́ kó parun. Àmọ́ ọ̀pọ̀ kò ní ọdún tí orin jáde, orúkọ olórin fúnra rẹ̀ ń yí padà láti fídíò kan sí èkejì, a kò sì mọ àwọn tó lulù lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kọ ìtàn awúrebe yóò máa fi ọwọ́ tálẹ̀ nínú òkùnkùn. Ó dùn mí gan-an, nítorí orin tó ti àdúgbò wa jáde ni.

Nígbà tí onílé bá ti ilẹ̀kùn

Láàárín 2003 sí nǹkan bí 2010, Myspace ni ibi tí olórin gbogbo àgbáyé ń kó orin wọn sí. Kò sí ẹni tó rò pé ó lè di ahoro. Ní Oṣù Kẹta 2019, ilé-iṣẹ́ náà jẹ́wọ́ pé orin, fọ́tò àti fídíò tí àwọn ènìyàn ti kó síbẹ̀ ṣáájú 2016 ti lè sọnù níbi tí wọ́n ti ń kó wọn láti orí ẹ̀rọ kan lọ sórí òmíràn. Ìṣirò tó jáde nígbà náà lé ní mílíọ̀nù 50 orin, ti olórin bíi mílíọ̀nù 14. Ẹni tó ní ẹ̀dà tirẹ̀ nílé kò pàdánù ju àdírẹ́sì lọ. Ẹni tó fi Myspace ṣe àpótí ìṣúra kò rí nǹkan kan mú jáde mọ́.

Nílé wa, ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa ní Oṣù Kẹfà 2021, kò sì ṣí i títí di Oṣù Kìíní 2022. Olórin tó ti fi ọdún púpọ̀ kó olólùfẹ́ jọ síbẹ̀ kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ oṣù méje gbáko ni kò fi lè bá àwọn èèyàn rẹ̀ ní Nàìjíríà sọ̀rọ̀ ní gbangba níbẹ̀. Ní ọjọ́ 4 Oṣù Kẹwàá ọdún 2021 kan náà, Facebook, Instagram àti WhatsApp daṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà fún bíi wákàtí mẹ́fà. Wákàtí mẹ́fà kò tó nǹkan, àfi fún ẹni tí òde rẹ̀ bọ́ sí ọjọ́ náà.

Kì í ṣe títì nìkan ni onílé ń tì. Ó lè yí òfin ilé padà. Spotify dé Nàìjíríà ní 2021. Láti 2024, orin tí wọn kò bá gbọ́ tó ìgbà 1,000 láàárín ọdún kan kò ní mú owó kankan wá fún ẹni tó kọ ọ́. Èyí kò lè dun olórin tó ní mílíọ̀nù olùgbọ́. Ẹni tó kọ orin sákárà fún àwọn àgbà Ọjà'ba, tí èèyàn díẹ̀ péré fẹ́ràn rẹ̀ tọkàntọkàn, ni yóò dùn. Bandcamp, ọjà orin tí mo fẹ́ràn jù nítorí ìdá 15 nínú 100 péré ló ń yọ nínú owó orin, bọ́ sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ eré kọ̀ǹpútà kan ní 2022, ó tún bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn ní 2023. Kò sí olórin tí wọ́n bi léèrè kí wọ́n tó tà á.

Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi yé akẹ́kọ̀ọ́ dáadáa níbí. Wẹ́ẹ̀bùsáìtì kì í fúnra rẹ̀ pe èrò. Ẹni tó bá kọ́ ọ, tó sì lọ sùn, yóò jí bá a lófìfo. TikTok àti Facebook ni èrò wà, ibẹ̀ ni ká ti lọ pàdé wọn. Iṣẹ́ wẹ́ẹ̀bùsáìtì ni láti gba àwọn tí a bá pàdé lálejò, kí wọ́n lè tún wá wa láìjẹ́ pé ẹnì kan láàárín gbàyè fún wọn. Nígbà tí Radiohead, ẹgbẹ́ olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé In Rainbows sórí wẹ́ẹ̀bùsáìtì ara wọn ní Oṣù Kẹwàá 2007, tí wọ́n ní kí oníkálukú san iye tó bá wù ú, ohun tó mú un ṣeé ṣe ni pé wọ́n ti lókìkí, àdéhùn wọn pẹ̀lú EMI sì ti parí. Ẹgbẹ́ tí kò lókìkí tó bẹ́ẹ̀ yóò kọ́kọ́ jáde lọ síta pe èèyàn.

Ẹgbẹ́ onídùndún kan ní Àrẹ̀mọ

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan, ká sọ pé ẹgbẹ́ onídùndún ni. Ènìyàn mẹ́fà ni wọ́n: ẹni tó ń lu ìyáàlù, onígúdúgúdú, oníkẹríkẹrì, oníṣáájú, oníkànnàngó, àti ẹni tó ń ké oríkì. Wọn kì í ta àwo. Òde ni wọ́n fi ń jẹun: ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó, ìwúyè, òkú àgbà. Àwọn ìwé òkèèrè tó ń kọ́ olórin nípa wẹ́ẹ̀bùsáìtì sábà máa ń sọ̀rọ̀ orin títà àti fìlà tó ní orúkọ olórin lára. Ìyẹn kò fi bẹ́ẹ̀ kan ẹgbẹ́ wa. Ohun tó kàn wọ́n ni kí ẹni tó wà ní Peckham ka ojú ìwé wọn, kó sì lè fi owó ránṣẹ́ láìbẹ̀rù.

Ẹ̀rù gbájú-ẹ̀ ń bà á, kò sì jẹ̀bi. Nọ́ńbà WhatsApp lásán lè jẹ́ ti ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń lé ẹ̀rù yìí lọ ni kí ohun gbogbo bára mu: orúkọ ẹgbẹ́ ni àdírẹ́sì wẹ́ẹ̀bùsáìtì, orúkọ náà ló wà nínú ímeèlì, òun ni wọ́n fi sílẹ̀ ní ọ́fíìsì CAC gẹ́gẹ́ bí orúkọ okòwò, òun náà ló sì wà lórí àkáǹtì báńkì. Fídíò òde mẹ́ta tó ní ibi tí wọ́n ti ṣe é àti ọdún rẹ̀ sàn ju ọgbọ̀n fọ́tò tí kò ní àkọlé lọ.

Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n kọ ohun tí oníbàárà máa ń fẹ́ bi wọ́n sílẹ̀. Ṣé dùndún nìkan ni, tàbí wọ́n lè mú bàtá wá? Wákàtí mélòó ni wọn yóò fi lulù? Bí òde bá wà ní Ọ̀yọ́ tàbí Abẹ́òkúta, ta ló ni owó ọkọ̀, níbo ni wọn yóò sùn? Èló ni owó àsansílẹ̀, kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí i bí wọ́n bá sún ọjọ́ síwájú? Owó tí àlejò bá lẹ̀ mọ́ onílù níwájú lójú agbo, ti onílù ni. Kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ kedere, nítorí àwọn ọmọ tó dàgbà sí ìlú òyìnbó kò mọ̀, ìjà ti ṣẹlẹ̀ lórí rẹ̀ rí. Àwọn kan ní kò yẹ kí onílù kọ iye owó sí gbangba. Èrò tèmi ni pé kí wọ́n kọ ibi tí owó ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì fi ìyókù sílẹ̀ fún ìdúnàádúrà.

Ibi tí wẹ́ẹ̀bùsáìtì ti lè ṣe ohun tí ojú ìwé Facebook kò lè ṣe fún onílù ni fọ́ọ̀mù oríkì. Láyé àtijọ́, onílù mọ agbo ilé. Ó mọ ẹni tó bí olóòkú, ó mọ orílẹ̀ rẹ̀, ó mọ orúkọ àlàjẹ́ rẹ̀. Lónìí, ẹni tó ń pè é lè jẹ́ ọmọ Ìbàdàn tí baba rẹ̀ ti fi ìlú sílẹ̀ láti ogójì ọdún. Bí onílù bá dé agbo láìmọ nǹkan kan, yóò máa lu ohun tó bá gbogbo ayé mu. Ṣùgbọ́n bí ẹbí bá ti kọ orúkọ olóògbé, agbo ilé rẹ̀, orílẹ̀ rẹ̀, orúkọ àwọn ọmọ àti ìdílé ọkọ tàbí aya wọn sínú fọ́ọ̀mù kan ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, onílù yóò ráyè béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà, yóò sì múra. Nígbà tí ìyáàlù bá ki akọ́bí olóòkú dé ìdí ìran rẹ̀, ẹni tó kúrò ní Ìbàdàn láti kékeré yóò ṣí àpò láìsí ẹni tó rọ̀ ọ́. Ọ̀nà yìí dára fún owó, ó sì dára fún oríkì fúnra rẹ̀, nítorí ohun tí ẹbí bá kọ sílẹ̀ kò ní tètè parẹ́.

Ojú ìwé kan gbọ́dọ̀ wà fún àwọn onílù gan-an. Kí orúkọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà hàn pẹ̀lú iṣẹ́ tí oníkálukú ń ṣe nínú ẹgbẹ́ àti ọ̀gá tó kọ́ ọ. Lórí àwọn ìkànnì orin, orúkọ ẹni tó léwájú ló máa ń yọ, bí orúkọ méjì bá sì jọra, wọ́n lè da orin ẹnì kan mọ́ ti ẹlòmíràn. Kò sí ibi tó yẹ kí orúkọ onígúdúgúdú wà títí láé ju ilé ẹgbẹ́ tirẹ̀ lọ.

Kí ojú ìwé má wúwo. Dátà ni ọ̀pọ̀ èèyàn wa ń rà ní ìwọ̀nba, fọ́tò ńlá mẹ́wàá sì lè jẹ ẹ́ tán kí ìlù kan tó dún. Kí wọ́n dín fọ́tò kù, kí wọ́n fi ohùn ìṣẹ́jú kan síbẹ̀, kí fídíò gígùn wà lórí YouTube, kí wọ́n sì júwe ọ̀nà rẹ̀ láti inú ilé.

Orúkọ àti ẹni tó ni ín

Àdírẹ́sì wẹ́ẹ̀bùsáìtì ni à ń pè ní orúkọ dòméènì. A kì í rà á pa, ọdọọdún là ń san owó rẹ̀. Èyí tó parí sí .ng tàbí .com.ng wà lábẹ́ àbójútó NiRA, ẹgbẹ́ tó ń bójú tó orúkọ íntánẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ Nàìjíríà. Nínú àdírẹ́sì, kí wọ́n kọ orúkọ láìsí àmì ohùn, nítorí bẹ́ẹ̀ ni oníbàárà yóò ṣe tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù. Nínú ojú ìwé, kí wọ́n kọ ọ́ pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, kí ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá dáadáa lè pè é bó ṣe yẹ.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé ọmọdékùnrin tó mọ kọ̀ǹpútà ló máa ń fi orúkọ ara rẹ̀ àti ímeèlì ara rẹ̀ gba dòméènì. Ó ṣe é tinútinú. Lẹ́yìn ọdún méjì, ó ti ríṣẹ́ sí Canada, nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ mọ́, lẹ́tà pé owó ọdún ti tó san ń lọ sínú ímeèlì tí ẹnikẹ́ni kò ṣí. Dòméènì bọ́, ẹlòmíràn gbà á. Kí ẹgbẹ́ gba dòméènì lórúkọ ẹgbẹ́, kí wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ aṣínà sínú ìwé tó wà lọ́wọ́ ènìyàn méjì.

Ìdí tí mo fi ní ènìyàn méjì ni pé ọ̀gá ẹgbẹ́ yóò kú lọ́jọ́ kan. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ Nàìjíríà ti ọdún 2022 fún àwọn àrólé ẹni tó ṣe orin ní ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ rẹ̀ fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, ó sì dáàbò bo ohùn tí a gbà sílẹ̀ fún 50 ọdún. Àádọ́rin ọdún jẹ́ ìgbésí ayé ènìyàn kan gbáko. Ogún ni, ó sì yẹ kí àwọn ọmọ lè ṣílẹ̀kùn ibi tó wà. Nígbà tí ẹbí bá ń pín ilé àti ọkọ̀, kí wọ́n béèrè ẹni tí ọ̀rọ̀ aṣínà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Orúkọ àwọn oníbàárà jẹ́ ogún pẹ̀lú. WhatsApp kì í jẹ́ kí ìfiránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn (broadcast) ju ènìyàn 256 lọ lẹ́ẹ̀kan, ẹni tí kò bá sì fi nọ́ńbà wa pamọ́ kò ní rí i. Lórí wẹ́ẹ̀bùsáìtì, ẹgbẹ́ lè gba orúkọ, nọ́ńbà àti ímeèlì ẹni tó bá fẹ́, kí wọ́n tọ́jú wọn sọ́wọ́ ara wọn. Lábẹ́ òfin ààbò dátà ti 2023, gbígbà tí ẹni náà bá gbà wà lára àwọn ohun tó fún wa láyè láti lò ó. Nítorí náà kí a sọ ohun tí a fẹ́ fi ṣe fún un, kí a sì yọ orúkọ rẹ̀ bó bá ní ká yọ ọ́.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Yan olórin tàbí onílù kan tó wà láàyè ní àdúgbò rẹ, kó o sì gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Wá orúkọ rẹ̀ lórí Google àti YouTube. Kọ ohun mẹ́wàá àkọ́kọ́ tó jáde sílẹ̀, kó o sì kọ ẹni tó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan síwájú rẹ̀. Èwo nínú wọn ni olórin náà fúnra rẹ̀ lè pa rẹ́ tàbí tún ṣe?

Kọ fọ́ọ̀mù oríkì kan, kò gbọdọ̀ ju ìbéèrè mẹ́jọ lọ, tí ẹbí tó wà lókè òkun lè kọ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Fi í han àgbà onílù kan, kó o sì béèrè ohun tó sonù nínú rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí Sunny Adé bá jẹ́ ọ̀dọ́ olórin lónìí, tí ilé-iṣẹ́ ńlá òkèèrè kan sì fẹ́ gba orin rẹ̀, kí ni ìwọ yóò ní kó fi sí wẹ́ẹ̀bùsáìtì tirẹ̀ kó tó fọwọ́ sí ìwé, kí ló sì yẹ kó fi sílẹ̀ fún wọn? Kọ ojú ìwé kan.